Ibi Tí A Ń Kọ́ Okùn Sí Lára Jíìpù Bàbá Ìyàwó Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe kí wọ́n tó fún mi níyàwó, màá ní mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ jíìpù nínú ẹrẹ̀. Wọ́n á rò pé mo ń ṣàwàdà. Ẹlòmíràn á ru iṣu lọ sílé àna rẹ̀. Èmi ń yí nínú ẹrẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ní Alakahia, lójú ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́.

Port Harcourt ni wọ́n bí mi sí. Ọlọ́pàá ni bàbá mi, ìjọba ló gbé wọn wá láti Ìlọrin, wọn ò sì padà mọ́. Yorùbá inú ilé ni mo gbọ́, Pidgin ni mo fi ń jà. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀, mo ríṣẹ́ sí èbúté Onne. Iṣẹ́ wa ni pé kí a wọ inú ọkọ̀ ojú omi lọ, kí a tú àwọn mọ́tò tí wọ́n kó wá láti òkè òkun. Lábẹ́ mọ́tò kọ̀ọ̀kan, irin pẹlẹbẹ oníhò kan wà níbẹ̀, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ihò yẹn ni wọ́n máa ń fi ìkọ́ ṣéènì kọ́, wọ́n á fà á le, mọ́tò náà kò sì ní mira títí ọkọ̀ á fi gúnlẹ̀. Lójú àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sí irin tó lágbára tó o láyé. Ohun tó di mọ́tò mú lórí ìgbì òkun, kí ni kò lè ṣe lórí ilẹ̀? Bí a ṣe máa ń wí nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó já wa nírọ́.

Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ náà. Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ti lo gbogbo ayé wọn nínú iṣẹ́ ológun. Àdúgbò D-Line ní Port Harcourt ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ní ilẹ̀ kan lẹ́yìn Alakahia tí wọ́n ń kọ́lé sí díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní jíìpù àtijọ́ kan, irú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọn á wò mí bí ẹni ń wo ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ tà fún wọn. Wọ́n ti sọ fún ọmọ wọn pé àwọn ò ní fèsì sí ọ̀rọ̀ wa títí àwọn á fi mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin yẹn débi pé oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi bí mo bá ronú pé wọ́n lè ní kí n máa lọ.

Ní Sátidé kan nígbà òjò, wọ́n ní kí n bá àwọn lọ wo ilẹ̀ náà. Èmi, Bàbá àti ọmọ wọn la lọ. Kí a tó débẹ̀, jíìpù rì. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo ní ó ń fà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ló rì. Onítípà kan tó ń gbé yanrìn kọjá gbà láti fà wá. Bàbá ṣì ń ká ṣòkòtò wọn sókè nínú ọkọ̀ nígbà tí mo ti fò bọ́ sílẹ̀. Mo ní lónìí ni wọ́n máa mọ̀ mí. Mo gba okùn, mo rá wọ abẹ́ iwájú jíìpù, mo sì rí irin oníhò tèmi. Inú mi dùn bí ẹni rí ará ilé lájò. Mo kọ́ okùn sí i.

Onítípà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. "Oga, dis small iron go fit?"

"E don carry motor cross sea," mo dá a lóhùn, pẹ̀lú ìgbéraga.

Bàbá bi mí láti ìdí sitíárì pé, "Ṣé ibi tó dára lo kọ́ ọ sí?"

"Ibi tó dájú ni, sà."

Wọ́n gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Onítípà fà á. Mo gbọ́ ìró kan, gbàù, irin náà ya, ó sì bá okùn fò lọ. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú agbòjò bàbá rẹ̀. Irin yẹn gba inú aṣọ agbòjò kọjá lókè orí rẹ̀, ó lọ lu ẹ̀yìn típà, ara típà sì tẹ̀ wọnú.

Bàbá sọ̀kalẹ̀. Wọ́n la ẹrẹ̀ kọjá lọ bá ọmọ wọn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì yẹ orí rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ọrùn rẹ̀ wò, wọ́n tún padà sórí. Èmi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀.

"Dìde. Ta ló kọ́ ẹ?"

Mo sọ ohun tí a máa ń sọ ní Onne.

"Mọ́tò inú ọkọ̀ ojú omi ò lọ síbì kankan," ni Bàbá wí. "Irin yẹn kàn ń sọ fún un pé kó jókòó jẹ́ẹ́ ni. Èyí tó rì ńkọ́? Típà ń fà á síwájú, ilẹ̀ ń fà á sẹ́yìn. Ṣé ọ̀kan náà ni?"

Kì í ṣe ọ̀kan náà. Wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ okùn síbi tó yẹ, a sì jáde. Nígbà tí mo délé, mo sunkún. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa nítorí kí n lè fẹ́ ẹ.

Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọbìnrin náà ránṣẹ́ sí mi pé bàbá òun ní kí n wá lọ́la, kí n wọ aṣọ iṣẹ́. Mo lọ. Bàbá tẹ́ páálí sílẹ̀ lábẹ́ jíìpù, wọ́n ní kí n sùn sí i, àwọn náà sì jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ní kí n fọwọ́ kan ṣaasí, egungun ẹ̀yìn ọkọ̀ nìyẹn. Ohunkóhun tí wọn ò bá fi bóòtù nínípọn, irú èyí tí wọ́n ń fi sípánà dè, dì mọ́ ọn, kí n má ṣe kọ́ okùn sí i. Mo fọwọ́ kan bọ́ńpà, wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbá mi lójúgun. Mo fọwọ́ kan irin roboto ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀ ẹrù kékeré, wọ́n tún gbá mi. "Ọta ìbọn nìyẹn. Bó bá já, yóò wá ẹni tó máa pa." Mo tọ́ka sí ìkọ́ kan tí wọ́n jó mọ́ ẹ̀gbẹ́. "Nígbà tí wẹ́dà ń jó o, ṣé o wà níbẹ̀?" Mi ò sí níbẹ̀. "Fi í sílẹ̀ nígbà náà."

Ọ̀pọ̀ Sátidé la fi ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Bí a bá ṣe tán, a ó mu gàrí pẹ̀lú ẹ̀pà, Bàbá á máa sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n fà yọ nínú irà nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Wọn ò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rárá.

Òjò ọdún yẹn kò dẹwọ́, jíìpù sì rì léraléra. Èmi ni wọ́n máa ń jẹ́ kí n kọ́ okùn. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọn á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, wọn á fọwọ́ mi bóòtù. Wọn á lé ọmọ wọn lọ sí etí oko ẹ̀gẹ́ lọ́hùn-ún, àwọn fúnra wọn á sì wọ ìdí sitíárì. Kò sígbà kan tí wọn ò bẹ̀rẹ̀ wò. Mi ò bínú. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ìjòkùn, á sá.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, a tún rì, búlọ́ọ̀kù kún ẹ̀yìn jíìpù. Onítípà kan ti dúró níwájú. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo di ìkọ́ iwájú tí a máa ń lò mú, èyí tó wà lápá ọ̀tún, mo sì rí i pé bóòtù rẹ̀ ń mì díẹ̀. Mo jáde, mo sọ fún onítípà pé kó yí padà wá sẹ́yìn, pé òrùka irin méjì tí bóòtù dì mọ́ ṣaasí lẹ́yìn ni màá lò.

"Ah-ah! Na front una dey go! You wan waste my time?"

"Turn, abeg."

Ó kùn títí ó fi yí típà rẹ̀. Mo kọ́ okùn sí òrùka irin méjèèjì kí wọ́n lè jọ pín ẹrù náà, mo ju àpò tútù lé okùn lórí kó má baà fò bó bá já. Mo wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí Bàbá lè wá bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Wọn ò wo abẹ́ ọkọ̀. Èmi ni wọ́n wò. Wọ́n pe ọmọ wọn wá láti etí oko, wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́. "Wọlé, kí o di sitíárì mú." Wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní, "Ó dọwọ́ ẹ," wọ́n sì rìn lọ dúró níbi oko ẹ̀gẹ́.

 Mo padà sábẹ́ ọkọ̀, mo fọwọ́ kan bóòtù kọ̀ọ̀kan, mo jáde, mo tún padà, mo tún fọwọ́ kàn wọ́n, kí n tó gbé ọwọ́ sókè fún onítípà.