Nàbílà Fẹjọ́ Ọ̀gá Onípákó Sun Ìyá Rẹ̀

Mo fi ewú orí mi búra, òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi Nàbílà fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ ní Phibsborough ní Dublin.

Ọdún 2004 ni. Gbogbo Dublin ń kọ́lé nígbà náà bí ẹni pé ilẹ̀ fẹ́ tán lọ́la, ilé-iṣẹ́ onípákó kan sì ń ta ilẹ̀kùn ìrókò fún àwọn kọ́lékọ́lé. Àfi bí Láńrewájú, àbúrò Nàbílà, ṣe pè é láti ilé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, igbó ẹ̀yìn abúlé wa ni wọ́n ń gé kiri. Wọn ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orúkọ ilé-iṣẹ́ Dublin kan ló wà lára gẹdú. Odò wa ti di ẹrẹ̀. Tí wọn ò bá dáwọ́ dúró, abúlé á tú."

Nàbílà kó àwa ará mọ́ṣáláṣí jọ, ó kó àwọn òyìnbó àdúgbò mọ́ wa. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, a ó gbé pátákó ìfẹ̀hónúhàn dúró síwájú ilé-iṣẹ́ náà nínú òtútù. Declan tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ á fa kọ́tìnnì, á máa mu tíì rẹ̀ lọ.

Nígbà tó sú Nàbílà, ó gbé pátákó sílẹ̀. "Ta ló bí ọkùnrin yìí?"

Ẹ̀rín pa àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n ti mọ ìyá ara wọn ni Dublin. Kíá ni ẹnìkan ti ní Dún Laoghaire ni ìyá náà ń gbé.

Ikram ọmọ Nàbílà figbe ta pé ta ló ń fẹjọ́ ẹni àádọ́ta ọdún sun ìyá rẹ̀: "Mam! The man's fifty!"

"Ṣé ìyá rẹ̀ ti kú ni?" ni Nàbílà fèsì.

Ó wọṣọ ọdún, ó gbé èso dání. Bí ìyá arúgbó náà ṣe ṣílẹ̀kùn, Nàbílà fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. Ìyá rò pé ó ṣubú ni, ló bá ń fà á lápá.

"Ọmọ mi, ṣé o fara pa?"

"Rárá o, Ìyá Declan. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni."

Nàbílà yọ fọ́tò odò náà tí Láńrewájú fi ránṣẹ́ síta, ìyá gbé e sún mọ́jú.

"Ṣé omi tí àwọn ọmọdé ń mu nìyí?"

"Òun ni, Màmá."

Ó pe Declan pé kó máa bọ̀ kíákíá. Bí ó ṣe wọlé, ìyá fa etí rẹ̀ títí ó fi pọ́n.

"Obìnrin yìí dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ nínú òtútù, o ò lè ní kó wọlé mu tíì? Igi wo lo ń gé tó ń ba omi ọmọ ọlọ́mọ jẹ́?"

Kí ọdún Àjíǹde tó dé, Declan ti tọwọ́ bọ̀wé pé igi tí àwọn ará abúlé bá fọwọ́ sí nìkan ni òun á máa gé. Kò pẹ́ tí Láńrewájú fi tún pè: ọkọ̀ akógẹdú ti padà lófìfo. Nàbílà gbé fóònù sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́ bí wọ́n ṣe ń hó yèè lábúlé. Ẹ ò rí bí àyà rẹ̀ ṣe yọ síta! Olórí wa nìyẹn.

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àfi etí Declan. Ìyá rẹ̀ ò fà á. Ó kàn wò ó ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ìwò yẹn á mọ̀ pé fífà ì bá sàn.