Ìbọn Tí Ó Bá Olúbọ̀dé Mu

Àpótí irin kan tí a ń tọ́jú ìbọn sí wà lára ògiri yàrá kékeré nílé Olúbọ̀dé ní Goresbrook, nílùú òyìnbó. Ọlọ́pàá ti wá wò ó, wọ́n fi ọwọ́ mì í, kò mì. Ìwé àṣẹ ti jáde. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí igi ti ń wọ́wé ni àpótí náà ti wà lófìfo.

"Bàbá Wúrà, ṣé kí n máa kó gààrí síbẹ̀ ni?" Àmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń bi í. "Ẹ̀ ń wá ìbọn bí ẹni ń wá ìyàwó kejì. Eléyìí wúwo, tọ̀hún gùn jù."

"Ìyàwó kejì kò lè pẹ́ tó báyìí."

"Ẹ dán an wò!"

Lífìtì ni Olúbọ̀dé ń tún ṣe, ní àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sí Beam Park. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ ni, ní Èkìtì. Ìbọn tí alágbẹ̀dẹ rọ ni bàbá rẹ̀ fi ń dẹ̀gbẹ́, ìbọn náà kò sì jẹ́ kí ebi pa wọ́n. Nígbà tí ó kan Olúbọ̀dé láti gbé e, ẹran a dúró bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya ní fọ́tò. Yóò yìnbọn, ẹran yóò lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Atamábà. Bàbá rẹ̀ kò bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Kò sì bá wọn wí. Ó kàn dẹ́kun àtimáa mú un lọ sínú igbó.

Ìbọn alágbẹ̀dẹ ni Olúbọ̀dé dá lẹ́bi láti ìgbà náà. Ìbọn òyìnbó, èyí tí ilé-iṣẹ́ ṣe, tí ọ̀pá rẹ̀ gún régé, kò ní tàsé. Nígbà tí Láyí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó ń ṣiṣẹ́ lóko àgbẹ̀ kan ní Essex, sọ pé àgbọ̀nrín ń jẹ àlìkámà ọ̀gá òun run, tí ọ̀gá sì ń wá ẹni tí yóò bá a dín wọn kù, Olúbọ̀dé ní òun yóò wá. Ohun kan ni kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá gbé ìbọn tí kò lábùkù dání, tí ó sì tún tàsé, a jẹ́ pé orúkọ Atamábà yẹn ló ń ro ó. Ìdí nìyí tí gbogbo ìbọn fi ń ní àléébù lójú rẹ̀.

Ní Sátidé kan ó dé ṣọ́ọ̀bù ìbọn kan lẹ́yìn ìlú. Catherine ni orúkọ ìyá àgbà tí ó ni ín. Ó ń gbé ìbọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Olúbọ̀dé ń gbé e léjìká, ó ń na ọrùn, ó ń gbé e sílẹ̀. Catherine ń wò ó.

Páálí ọta kan yọ̀ bọ́ lórí tábìlì. Kí ó tó délẹ̀, Olúbọ̀dé ti hán an. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Kíá, ó fi páálí náà sí ọwọ́ kejì kí ó tó nà án sí ìyá àgbà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí ni kí n bínú sí?"

"Ọwọ́ òsì ni mo fi mú un."

Catherine ní kí ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, kí ihò kékeré wà láàrin wọn, kí ó la ojú méjèèjì wo aago ara ògiri láti inú ihò náà, kí ó wá máa fà á bọ̀ wá sójú. Ihò náà lọ bá ojú òsì. Ó tún un ṣe. Ojú òsì ni.

"Ojú òsì rẹ ni ọ̀gá," Catherine wí, "èjìká ọ̀tún lo sì ń gbé ìbọn sí. Kò sí èyí tí yóò tẹ́ ọ lọ́rùn nínú ìwọ̀nyí."

Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé ọ̀kan jáde. Ilé-iṣẹ́ ló ṣe é bíi ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n apá òsì ni irin tí a ń fà láti ki ọta wà. Olúbọ̀dé gbé e sí èjìká òsì. Kò na ọrùn. Aago wọ inú awò orí ìbọn, ó jókòó síbẹ̀.

Ó rọra gbé e kalẹ̀.

"Ẹ bá mi fi í pamọ́. Mo fẹ́ bi ẹnì kan."

Ní ìrọ̀lẹ́ ó pe bàbá rẹ̀ ní Èkìtì. Lẹ́yìn tí bàbá ti béèrè ìyàwó àti ọmọ, ó ní, "Bàbá, nígbà tí mo wà ní kékeré, ọwọ́ wo ni mò ń lò?"

Ewúrẹ́ kan ké lọ́hùn-ún.

"Òsì. Èmi ni mo fi aṣọ dì í, títí ọwọ́ náà fi gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Olúbọ̀dé wá ròyìn ìbọn náà fún un, àti ohun tí ìyá àgbà rí.

"Àgbọ̀nrín kì í ṣe ilé bàbá ẹni," ni bàbá wí. "Lọ rà á."

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ ní oko àlìkámà, àgbọ̀nrín kan jáde láti inú ìgbẹ́, ó dúró.

"Bọ̀dé, ó ń retí rẹ o," Láyí sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Olúbọ̀dé gbé ìbọn sí èjìká òsì. Ó mí. Ó yìn ín.

Ó jókòó sórí koríko tútù, ó pe bàbá rẹ̀.

"Ó bà á, bàbá."

"Ṣé ó sá jìnnà?"

"Kò gbé ẹsẹ̀."

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ọwọ́ òsì yẹn ńkọ́?"

"Ó wà, bàbá."

"Bá mi kí i."