Ìdáhùn Tí Ìyá Fún Akọ̀wé Káàdì

Yàrá kan ni ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ, ẹ̀rọ lẹ́bàá fèrèsé, àgékù aṣọ nílẹ̀ bí ewé. Bí oníbàárà bá ní kó bá òun fún ẹ̀gbẹ́ aṣọ mọ́ra, á wo onítọ̀hún látòkè délẹ̀: "Àǹtí, mo lè fún un o, ṣùgbọ́n ẹ má jẹun kẹ́ ẹ tó dé òde àríyá." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún mú ọ̀rẹ́ wọn wá.

Ọkùnrin ni wọ́n pè é lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé obìnrin lòun, bẹ́ẹ̀ ló sì ń gbé. Ìyá ò lé e jáde, kò sì gbà. "Ọmọ mi" ló fi ń sá fún ọ̀rọ̀ náà. Èdè wa gbà á láàyè: "ó" ò mọ akọ, kò mọ abo. Ọdún mọ́kànlá ni ìyá fi sá pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, tó rò pé ìfẹ́ ni.

Nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Aránṣọ, ó ní òun ò lọ sílé ìwòsàn. Èyí tó lọ kẹ́yìn, wọ́n ní káàdì tó mú wá, tí wọ́n kọ ọkùnrin sí, kì í ṣe tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì méjì pe ẹnì kẹta wá wòran. Oògùn ara ríro ló ń gbé mì. Lọ́jọ́ kejì, kò lè na ẹ̀yìn mọ́.

"Ṣé ẹ máa bá mi lọ, Màmá? Bẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, wọn ò ní fi mí ṣẹ̀sín."

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Lọ wọṣọ."

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n dé ilé ìwòsàn. Akọ̀wé wo káàdì, ó wo Aránṣọ tó ká kò sórí bẹ́ǹṣì. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ síbí? Ọkùnrin àbí obìnrin?"

Àyè wà fún ìyá láti sọ pé ọmọbìnrin òun ni. Àyè tiẹ̀ wà láti ní, "Inú ń run ọmọ mi, ẹ pe dókítà." Ṣùgbọ́n aládùúgbò wọn kan jókòó sítòsí, ó na etí. Ojú ti ìyá.

"Ọkùnrin ni," ló wí. "Ó kàn ń múra bí obìnrin ni."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Bọ̀dá, ìlà àwọn ọkùnrin lẹ máa tò sí o."

Aránṣọ dìde díẹ̀díẹ̀. Kò bínú, ìbá sàn kó bínú.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Inú tó ń run ẹ́ wá ńkọ́?"

"Ó ti rẹ̀ mí, Màmá."

Ìyá tẹ̀ lé e. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn títí dòní nìyẹn, pé òun tẹ̀ lé e, pé òun ò padà síwájú akọ̀wé lọ tún ọ̀rọ̀ òun sọ.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, nígbà tí ara rẹ̀ gbóná tí kò mọ èèyàn mọ́, wọ́n gbé e padà. Kò rí ìrọ̀lẹ́. Dókítà jáde, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀ka ìfun kékeré kan ló wú tó sì bẹ́, pé wọn ì bá ti yọ ọ́.

"Kí ló dé tẹ́ ò tètè gbé e wá, Màmá?"

"A wá, dókítà. Ọjọ́ Mọ́ńdè la wá."

Dókítà yẹ ìwé wò, ó tún un yẹ̀ wò. Kò rí Mọ́ńdè níbẹ̀.

"Wọn ò tíì kọ orúkọ rẹ̀ tá a fi lọ," ni ìyá wí. "Èmi ni mo dá wọn lóhùn."