Wáyà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi So

Inú ṣì ń bí mi. N kò ní purọ́ fún yín pé ó ti tán. Bí mo bá ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, tí mo ti rí òrùlé ilé bàbá mi ní Oǹdó, ara mi á ti máa gbóná nítorí wáyà kan.

Ìyá mi kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì títí ó fi kú. Téèpù kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tí ohùn rẹ̀ wà. Iṣẹ́ mi ní Àkúrẹ́ ni gbígba ohùn sílẹ̀ fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà èmi ni mo kó orin inú téèpù náà sínú kọ̀ǹpútà ilé, kí Bàbá lè máa gbọ́ ọ. Etí Bàbá ti ń di. Dókítà ti sọ fún wa pé yóò máa di sí i ni, kò sí oògùn. Ohun tí mò ń bá sáré nìyẹn.

Mo ra àpótí kékeré kan, irú èyí tí ń gba orin lára kọ̀ǹpútà, tí yóò tún un ṣe kó tó rán an sínú èáfóònù. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbi wáyà tó máa so àpótí mọ́ kọ̀ǹpútà. Ihò méjì ló wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà náà: ti USB, àti èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ lásán gbé orin, tí kò ní iná mànàmáná nínú rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ilé, tíṣà físíìsì ní Ìgbàrà-Òkè, ti fi USB so ó kí n tó dé.

Ìnfátà tó ń fún ilé náà ní iná a máa kùn. Kíkùn yẹn gba inú USB wọlé, ó sì bo ìyá mi mọ́lẹ̀. Bàbá yọ èáfóònù létí.

"Oyin ni mò ń gbọ́," ó ní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lo ti ìmọ́lẹ̀. Kíkùn ò lè gba ibẹ̀."

"Wáyà tí kò gbé iná, kí ló fẹ́ gbé? Téèpù tó o kó wá ló bàjẹ́. Àbí ìwọ lo máa kọ́ mi ní físíìsì?"

Tíṣà o! Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa ìmọ́lẹ̀, tí kò gbà pé ìmọ́lẹ̀ lè gbé nǹkan.

Nílé wa, ohun tí ẹ̀gbọ́n bá so, àbúrò kì í tú u. Bí mo bá sì gbé kọ̀ǹpútà tèmi wá, àfojúdi ni. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ tú u lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá fúnra rẹ̀ ló di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ló so ó. Dúró dè é."

Mo dúró. Òjò lọ, ọyẹ́ dé, wáyà ìmọ́lẹ̀ tí mo rà ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń wá, ó ń jẹ iyán, ó ń nu ẹnu, ó ń lọ. Bí mo bá mẹ́nu bà á, á ní agídí ló ń ṣe mí. Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu wa bí a bá ń sọ̀rọ̀.

Àsìkò Àjíǹde ni ẹ̀gbọ́n mi tó gbà. "Ó dáa, so ó, kí ara ẹ lè balẹ̀."

Mo so ó. Mo kọ́kọ́ fi èáfóònù sétí ara mi. Kò sí kíkùn kankan. Ìyá mi ló wà níbẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí kó tó bọ́ sí ẹsẹ tó kàn. Omi bọ́ lójú mi. Mo dá orin náà padà síbẹ̀rẹ̀, mo dá a dúró, mo fi èáfóònù sí Bàbá létí.

Kí n tó tẹ̀ ẹ́, Bàbá ti ń mi orí bí ẹni tó ń gbádùn orin. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Òun nìyẹn. Ohùn ẹ̀ ò yí padà rárá."

Orin kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo yí i sókè débi tó lè lọ mọ. Mo ń gbọ́ ìyá mi fẹ́ẹ́rẹ́ láti inú èáfóònù náà níbi tí mo dúró sí. Ojú Bàbá kò yí padà. Ó ṣáà ń mi orí, ó ń wo ẹnu mi.

Ẹ̀gbọ́n mi rí i. Ó jókòó. "Ó yẹ ká ti so ó lọ́jọ́ yẹn."

"Kò sí àwa níbẹ̀. Ìwọ ni."

N kò pè é ní ìwọ rí láti ìgbà tí mo ti dáyé. N kò sì tíì padà sí ẹ̀yin.