Nígbà Tí Ẹ̀mí Mímọ́ Di Èmi Mímọ́

Bàbá mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ̀wé. Iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú Òde nìyẹn: pátákó ṣọ́ọ̀bù, ara ọkọ̀, ògiri ilé ìwé. Bó bá kọ ọ̀rọ̀ tán, á tẹ àmì sábẹ́ ẹ àti ọ kíákíá, bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gé lẹ́tà láti ara rọ́bà, àmì yẹn kéré sí i. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, wọ́n ní kò pọn dandan mọ́.

Nígbà tí ìjọ Aládùúrà wa gba gbọ̀ngàn ní Dagenham East, nílùú òyìnbó níbí, èmi ni mo kọ aṣọ ẹ̀yìn pẹpẹ: ILÉ Ẹ̀MÍ MÍMỌ́. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà nínú pálọ̀ mi títí mo fi kọ ọ́ tán. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo wọlé, mi ò rí aṣọ mi mọ́. Bánà búlúù kan ló ń dán níbẹ̀: ILE EMI MIMO.

Mo bi akọ̀wé ìjọ léèrè.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Fọ́ǹtì kọ̀ǹpútà yẹn ò ní dọ́ọ̀tì abẹ́ lẹ́tà. Gbogbo èèyàn ṣáà mọ ohun tó túmọ̀ sí."

Mo gbé e mì. Àmọ́ nígbà tí ọjọ́ àwọn ọmọdé pé, wọ́n ní kí ọmọbìnrin kan ka ohun tó wà lẹ́yìn pẹpẹ. Ìyá rẹ̀ ti ń kọ́ ọ ní Yorùbá nílé wọn ní Goresbrook nítòsí. Ọmọ náà nàró, ó kà á ketekete: "Ilé èmi mímọ́."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àgbà tó wọ sùtánà ń fọwọ́ lu itan! Ọmọ náà fi ọwọ́ bojú, ó bú sẹ́kún.

Mo dìde. "Kí lẹ ń fi ṣẹ̀rín? Kò ṣì í kà! Ohun tí ẹ̀yin kọ ló kà!"

Wòlíì ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Ẹ bẹ ọmọ yìí ná, kí n tó jókòó."

Ìyá ìjọ ló kọ́kọ́ rìn lọ bá ọmọ náà, ó gbé e mọ́ra, ó ní, "Má bínú, ìyá mi. Ìwọ lo jàre."

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ìyá ìjọ ló di àkàbà mú fún mi níwájú bánà náà. Ọ̀dà kì í fẹ́ mú ara ike, ó ń ṣàn díẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi àmì sí gbogbo ibi tó yẹ. Akọ̀wé ní ọ̀dà mi ti ba bánà jẹ́ nínú fídíò ìsìn.

Mo ní kí ọ̀dà náà bà á jẹ́ dáadáa.