Ahun Tí Kò Lè Fa Ẹsẹ̀ Wọlé

Òórùn ẹ̀kọ tó ti kan ló kọ́kọ́ pàdé mi nígbà tí sémijáàn já mi sílẹ̀ lórí alùpùpù rẹ̀ nílé ọmọ mi ní Adja-Ouèrè. Mo tẹ̀lé òórùn náà dé ẹ̀yìnkùlé. Ọpọ́n ike kan ni mo bá níbẹ̀, ahun kékeré kan dúbúlẹ̀ sínú rẹ̀ láàárín ìrẹsì, ẹ̀kọ, búrẹ́dì tí omi ti rẹ, àti ègé ẹja tí eṣinṣin ti gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ni ín. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì tíì dìde tó fi béèrè ohun tó ń dà á láàmú. "Ìyá àgbà, ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kí n máa fún un lóúnjẹ lójúmọ́? Ó ti kọ̀, kò jẹ mọ́." Ọkàn mi ti lọ sí agbo ilé wa ní Oko-Akarè, sọ́dọ̀ ahun mìíràn.

Agbo ilé wa nígbà náà kì í ṣe irú ilé bíríkì tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ̀, tí olúkúlùkù ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Àwọn ilé alámọ̀ ló yí àgbàlá kan ká, ààrò obìnrin kọ̀ọ̀kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, nítorí náà kò sí ọbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè sè ní bòókẹ́lẹ́. Bí ẹnìkan bá ṣí ìkòkò, gbogbo ilé ti mọ̀ bóyá ẹja wà níbẹ̀ tàbí irú lásán. A kì í jẹun níwájú ẹni tó ń kọjá lọ ká má pè é. "Ẹ wá ká jẹun," ni wọn yóò wí, ẹni náà yóò sì dáhùn pé, "Á gba ibi ire," ìgbà mìíràn a sì jókòó tì wọ́n. Kò sí èébú tó dun obìnrin ilé wa tó kí wọ́n sọ pé ẹnìkan fi ẹnu gbígbẹ kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Fìló ni ọ̀rẹ́ mi. Fìlómẹ́nì ni fádà pè é nígbà ìrìbọmi, ṣùgbọ́n orúkọ náà gùn ju ọmọ náà lọ, a bá gé e kúrú. Ilé wọn kọjú sí tiwa, ìyá rẹ̀ àti ìyá mi sì jẹ́ ọ̀rẹ́ débi pé wọ́n ń bá ara wọn na ọmọ. Ìyá Fìló ló rí ahun náà lóko níbi tó ti ń ṣa ẹyìn, ó gbé e wálé, ó sì fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà òjò ọdún kejì, àìsàn dá ìyá Fìló dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ahun yẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ Fìló tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un. Ó sọ fún mi pé bí ahun náà bá kú, ìyá òun kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Nígbà ayé ìyá Fìló, ahun náà kì í jẹ oúnjẹ ènìyàn. Obìnrin náà a máa já ewé gbúre tàbí ewé ànàmọ́, ìwọ̀nba tó lè bo ẹ̀yìn ahun, a gbé e kalẹ̀ fún un láàárọ̀. Lọ́jọ́ kejì kò ní fún un ní nǹkankan. Ahun á rìn káàkiri inú koríko, á wá olú àti ìgbín wẹẹrẹ fúnra rẹ̀. Bí ìyeyè bá ń já bọ́, ẹyọ kan ló lè rí gbà. "Jẹ́ kí ebi pa á díẹ̀," ni ìyá Fìló máa ń wí, "ebi ló ń jẹ́ kó rìn."

Lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo ilé ń wá ohun tí wọn yóò ṣe fún ọmọ aláìníyàá. Ọ̀rọ̀ ìtùnú kì í pẹ́ tán lẹ́nu, oúnjẹ ni àwọn obìnrin ilé wa mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n Fìló kò lè jẹun. Ni wọ́n bá kọjú sí ahun rẹ̀. Ta ni yóò lé ahun ọmọ aláìníyàá kúrò lẹ́nu ọ̀nà? Ó ń jẹ ẹ̀kọ níhìn-ín, ó ń jẹ gàrí rírẹ lọ́hùn-ún, ó ń jẹ ẹ̀wà níwájú ilé kẹta, nígbà tó bá sì fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ìyá mi ti bu ọkà àti ẹja sílẹ̀ dè é. Ẹja náà tóbi ju èyí tó ń bọ́ sínú àwo tèmi lọ. Mo jowú ahun, ẹ má bá mi wí. Gbogbo wa la sì ti gbọ́ nínú àlọ́ pé ọ̀kánjúwà ni ahun, kì í yó. Àlọ́ la fi kọ́ ìtọ́jú ẹran.

Ìyá mi ló ń fún un jù. Ó ti se ọbẹ̀ oríṣiríṣi lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ẹní àìsàn, ọ̀rẹ́ náà kò sì lè gbé e mì. Ahun ń gbé e mì. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìbànújẹ́ ni ìyá mi ń bù sínú àwo yẹn.

Kò pẹ́ tí ẹran ara ahun fi ń yọ síta ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ ìkarawun rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ba ahun, ńṣe ló máa ń fa orí àti ẹsẹ̀ wọlé. Ti Fìló kò rí àyè wọlé mọ́, ọ̀rá ti gba gbogbo yàrá. Ìgbẹ́ rẹ̀ di omi, ó ń rùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ajá ọdẹ kan ya wọ àgbàlá, ó sì bù ú jẹ lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn kí a tó lé e. Fìló gbé ahun náà mọ́ àyà, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí i láṣọ, ó ń pariwo orúkọ ìyá rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá mi tún gbé àwo jáde, ó ní ẹja yóò fún un lágbára. Fìló kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un mọ́."

Obìnrin kan tó ń gún ata dá ọwọ́ dúró. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Bí ẹnìkan bá kọ oúnjẹ rẹ ní gbangba nílé wa, ó ti fi ẹ̀sùn kàn ọ́ nìyẹn, ẹ̀sùn tí a kì í fi ẹnu pè.

"Ṣé májèlé ni mo fi sí i ni, Fìló?" Ohùn ìyá mi kò sókè rárá. Ó gbé àwo rẹ̀, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí àbúrò ìyá Fìló, tó ń dá ẹmu ní Massè, wá kí wọn lọ́jọ́ ìsinmi, Fìló ní òun yóò bá a lọ. Bàbá rẹ̀ kò bá a jà. Wọ́n tẹ́ ewé sínú agbọ̀n, wọ́n gbé ahun lé e, ó sì rù ú lọ. Kò dágbére fún ìyá mi, ìyá mi kò sì jáde. Èmi nìkan ni mo sìn ín dé ojú ọ̀nà, mo sunkún padà wálé, kò sì sẹ́ni tó bá mi ṣeré fún ìgbà pípẹ́.

Àṣejù ni baba àṣetẹ́, gbogbo àgbà ilé wa ló mọ òwe yẹn. Ìyá mi kò pa òwe náà. Òjò lọ, ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wẹ̀, ó ró aṣọ tó dára, ó ní ká lọ sí Massè. Mo ń wo ẹ̀gbẹ́ ààrò, n kò rí igbá, n kò rí ìkòkò.

"Ìyá, kí la máa gbé dání?"

"A ò gbé nǹkankan."

Ìyá mi, tí kì í lọ bu iná nílé kejì láìmú nǹkan lọ́wọ́! Àwọn obìnrin ilé dúró wò ó bó ṣe ń jáde. A gba àárín oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbàdo kọjá, ìyá mi kò sì mọ ibi tó lè fi ọwọ́ sí. Ó ká a sẹ́yìn, ó fi di etí aṣọ mú, ó tún fi í sílẹ̀.

Abẹ́ ọ̀pẹ la bá Fìló, ahun ń jẹ koríko nítòsí rẹ̀. Bó ṣe gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wa, ahun náà fa orí wọlé, ó fa ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé, títí kan èyí tó ní àpá. Fìló kò wo ojú ìyá mi. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò, ẹ̀rù sì hàn lójú ọmọ náà.

Ìyá mi na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́.

"N ò gbé nǹkankan wá, ọmọ mi."

Fìló sáré wá, ó fi orí gún un níkùn, ìyá mi sì sunkún. N kò rí i kó sunkún láti ọjọ́ ìsìnkú.

Fìló kò padà wá gbé ọ̀dọ̀ wa mọ́. Ó lọ sílé ọkọ lápá Nàìjíríà, n kò sì mọ ibi tó wà lónìí. Àgbàlá wa ti di ilé bíríkì, iná gáàsì ń jó nínú yàrá, ẹnikẹ́ni kò mọ ọbẹ̀ tí ẹnìkejì sè. Ẹlòmíràn a ní ó sàn bẹ́ẹ̀. Èmi kò mọ̀.

A fọ ọpọ́n ike náà, a tú ahun sínú koríko, mo sì fi ìwọ̀nba ewé gbúre tó bo ẹ̀yìn rẹ̀ han ọmọ ọmọ mi. Láàárọ̀ ni kó máa fún un jẹ, mo wí, lọ́jọ́ kejì kó má fún un ní nǹkankan, bó ti wù kí ahun máa wò ó lójú. Ahun jẹ ewé náà díẹ̀díẹ̀ níṣojú wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tó jẹ́ ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ jẹun, mo bá ara mi níwájú ahun náà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo ti bó wà lọ́wọ́ mi. Ó na ọrùn sí mi. Mo wo yíká bóyá ẹnìkan ń bọ̀, mo sì jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà fúnra mi.