Irin Tó Gba Ẹnu-Ọ̀nà Wọlé

Má-Mú-Irin-Wọlé ni gbogbo ọsibítù ń pe nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ yàrá ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara. Òòfà inú ẹ̀rọ náà kì í ṣe kékeré. Bí irin bá wọlé, á fò bí ọta. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, kò sẹ́ni tó wọbẹ̀ tí nọ́ọ̀sì yìí ò tú palẹ̀ bí ẹrù. Wọ́n ní ó máa ń gbóòórùn ìṣó inú bàtà láti ìkòríta. Ó ti yọ pínnì kan kúrò nírun obìnrin tó ti gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ látọjọ́ ìgbéyàwó; obìnrin náà sì ti bímọ mẹ́rin.

Lọ́jọ́ yìí, obìnrin télọ̀ kan ló dé. Jẹjẹrẹ wà lọ́mú rẹ̀ òsì. Bó bá jẹ́ kókó kan, òun nìkan ni wọ́n máa yọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ọmú ló ń lọ. Àwòrán ni yóò sọ. Abẹ́rẹ́ méje ni nọ́ọ̀sì bá lára aṣọ rẹ̀.

"Mama, mo rò pé mẹ́ta ni!"

"Ọmọ mi, ṣé èèyàn ni ọ́ àbí tìmùtìmù abẹ́rẹ́?"

Oògùn kan wà tí wọ́n máa ń fún sínú iṣan kí jẹjẹrẹ lè hàn ketekete. Kíndìnrín ló ń lé e jáde lára, kíndìnrín télọ̀ ò sì lágbára mọ́. Ni dókítà, ọmọbìnrin kan tí nọ́ọ̀sì lè bí, bá gbé ìgò oògùn mìíràn tí kò nílò kíndìnrín dé, omi inú rẹ̀ dúdú bí omi tí wọ́n fi fọ ìdí ìkòkò.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Irin ni, mà."

Àfi bí ẹni pé ìbọn ni wọ́n fẹ́ gbé wọlé! Nọ́ọ̀sì na apá méjèèjì dí ilẹ̀kùn. "Irin kẹ̀? Kò ní ṣojú mi!"

"Ó kúnná ju lẹ́búlẹ́bú lọ, mà, kò lè fò. Ara á lò ó bí oúnjẹ. Ẹ̀jẹ̀ tiyín náà ní irin nínú, ẹ sì ń wọlé lójoojúmọ́."

Nọ́ọ̀sì wo apá ara rẹ̀ bí ẹni tó ká olè mọ́ inú yàrá. Síbẹ̀, kò yẹsẹ̀.

Télọ̀ bá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́. "Mama, tí wọn ò bá rí i dájú pé kókó kan ni, gbogbo ọmú ni wọ́n máa gé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìṣọ́ra yín gé mi lọ́mú."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ìṣọ́ra tó fi ń gba èèyàn là, òun ló fẹ́ di ọ̀bẹ yìí. Apá rẹ̀ wálẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fún oògùn náà sí i, díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lójú télọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàgà-gbàgà, ó dúró níbi ẹsẹ̀ télọ̀, ó di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Kókó kan ṣoṣo ló hàn, kò ju hóró ẹ̀wà lọ.

"Ẹlòmíì ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, mà," ni dókítà wí. "Kíndìnrín tiẹ̀ náà ò dáa."

"Kó máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi ní ìwé tó bá oògùn yẹn wá, kí n kà á lónìí, kí n má tún lọ dínà fún ẹni tó yẹ kí n ṣílẹ̀kùn fún."